Fọ́tò Inú Ilé Tí A Fi Owó Ẹgbẹ́ Kọ́

  

Nínú iṣẹ́ ìbẹ̀wò wa ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ fáìlì ẹ̀yáwó ilé ni a ti ṣí. Nínú púpọ̀ wọn, fọ́tò kan ṣoṣo ni a máa ń bá: ẹni tí ó yá owó dúró níwájú ilé, ó dé fìlà, ó gbé ọwọ́ lé géètì, ó ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ dára láti gbé kọ́ sí pálọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹgbẹ́ nípa ohun tí wọ́n fi owó wọn ṣe. Inú ilé ni owó máa ń wọ̀. Àjà ni ó ń jẹ ẹ́, àti ìlẹ̀kùn, àti wáyà iná, àti símẹ́ǹtì tí a fi tẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí ni fọ́tò inú ilé: ìdí tí ó fi yẹ kí ó wà nínú fáìlì, bí a ṣe ń yà á, ẹni tí a gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan ní ìgboro Ìlọrin yá ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan ní owó kí ó fi parí ilé rẹ̀. Ohun tí ó kọ sínú ìwé ìbéèrè ni pé òun yóò kan àjà sí pálọ̀ àti yàrá méjì, òun yóò fi ìlẹ̀kùn sí wọn, òun yóò sì fa wáyà iná. Onígbọ̀wọ́ méjì ni ó dúró fún un. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá opó tí ó ń ta ẹ̀lùbọ́. Nígbà tí ọyẹ́ mú, iná ṣẹ́ yọ nínú ilé náà lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àjà ti jóná, ìlẹ̀kùn ti jóná, òrùlé ti wó lulẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tí ó bá iná náà lọ.

Ọkùnrin yìí wá sí ìpàdé, ó bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n sún àkókò tí òun yóò san owó padà síwájú. Òfin ẹgbẹ́ náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ dìde. Wọ́n ní kò kan àjà kankan rí. Wọ́n ní ọjà ni ó fi owó ẹgbẹ́ rà, pé iná kàn wá bò ó láṣìírí ni. A ṣí fáìlì. Fọ́tò géètì ni a bá níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí sọ pé àjà wà, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí sọ pé kò sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò yanjú, ẹgbẹ́ ti owó ìfipamọ́ àwọn onígbọ̀wọ́ pa. Oṣù mọ́kànlá ni ìyá opó náà kò fi lè fọwọ́ kan owó ara rẹ̀. Àsìkò tí gbódó pọ̀ lọ́jà tí ó sì pọ́ọ́kú kọjá lójú rẹ̀, ó ń wò ó. Ẹnu ọjà tí ó ti ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó yọ wọ́n kò ti inú fáìlì wá. Ìyàwó ọkùnrin náà ni ó rántí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú kí iná tó jó ni àwọn sọ ọmọ lórúkọ, àti pé ìyá òun mú fọ́tò kan lọ sílé. Wọ́n lọ gbé e wá. Àwọn àfáà jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀. Àjà tuntun wà lókè orí wọn, fáànù rọ̀ láti inú rẹ̀, ìlẹ̀kùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sì wà lẹ́yìn wọn. Ayàwòrán ti lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò náà. Ọjọ́ náà ni ẹjọ́ parí. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti wọn, ìsọmọlórúkọ ni ó jẹ́ kí a rí ilé wò.

Àwa olùbẹ̀wò náà pín nínú ẹ̀bi yẹn. A ti yẹ fáìlì yẹn wò ṣáájú, a rí fọ́tò géètì, a sì buwọ́ lù ú. Orí ni ó bá wọn ṣe é tí fọ́tò kejì fi wà. Kò yẹ kí owó opó máa dúró de orí.

Kì í sì í ṣe iná nìkan. Odò Àsà là ìlú wa kọjá, àwọn odò kéékèèké sì ń ṣàn sínú rẹ̀ láàárín ilé. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù August, ọdún 1980. Ohun tí omi bá gbé lọ, tàbí tí iná bá jó, ó ṣòro láti kà á bí ẹnikẹ́ni kò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

ÌDÍ TÍ INÚ ILÉ FI ṢÒRO LÁTI YÀ

Ojú ènìyàn a máa bá òkùnkùn mọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ti inú oòrùn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kì í kọ́kọ́ ríran, ṣùgbọ́n láìpẹ́ ohun gbogbo á hàn sí wa. Agbára kámẹ́rà kò tó ti ojú wa: bí ìmọ́lẹ̀ ibì kan bá pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ jìnnà, ó ṣòro fún un láti mú méjèèjì pọ̀. Bí ó bá mú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, yàrá á ṣú dúdú. Bí ó bá mú ti yàrá, fèrèsé á di funfun báláú. Ìdí nìyí tí fọ́tò inú ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yà kì í fi hàn dáadáa.

Ní 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò fún aráyé ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn ayàwòrán tó lè ya inú ilé tí ó ṣókùnkùn. Ní nǹkan bí 1887 sí 1888, oníròyìn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jacob Riis, tí a bí ní Denmark, bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀tù tí ń tan ìmọ́lẹ̀ wọ inú ilé àwọn tálákà ní New York, ní Amẹ́ríkà. Ó ya àwọn yàrá híhá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn há mọ́, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé ní 1890. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ráhùn nípa irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà: fọ́tò jẹ́ kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí wọn. Ní 1901, ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin tuntun tí ó sọ pé yàrá ilé àyágbé tí a bá kọ́ gbọ́dọ̀ ní fèrèsé tí ó ṣí sí ìta.

Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ọmọ ilẹ̀ Pólándì kan, Zbigniew Dmochowski, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé kíkọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ àwọn ilé ìbílẹ̀ wa sílẹ̀, àti ti Òkè Ọya àti ti ìsàlẹ̀. Ó kú ní 1982. Ìwé rẹ̀ tí ó jẹ́ apá mẹ́ta jáde ní 1990. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kọ́ lára rẹ̀ ni pé kò fi fọ́tò nìkan sílẹ̀. Ó wọn ilé, ó ya àwòrán bí yàrá ṣe tò, ó sì fi fọ́tò tì í. Bí ẹgbẹ́ wa náà ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é nìyẹn.

BÍ A ÓO ṢE YÀ Á

Kò di dandan kí ẹgbẹ́ háyà ayàwòrán olówó ńlá. Fóònù tí ó ní kámẹ́rà tó, bí ẹni tí ó mú un bá mọ ohun tí ó ń ṣe.

Èkínní, ẹ lọ ní òwúrọ̀, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Ẹ ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì tan iná bí iná bá wà. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Ẹ má ṣe kọjú kámẹ́rà sí i.

Èkejì, ẹ dúró sí igun yàrá, kí ẹ gbé kámẹ́rà sí ìwọ̀n àyà, kí ó dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn, ògiri tí kò wọ́ á dàbí èyí tí ó wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí igun tí ó dojú kọ ti àkọ́kọ́, kí ẹ tún yà á láti ibẹ̀. Fọ́tò méjì yìí yóò fi ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá pọ̀, kámẹ́rà máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mú àwòrán, bí ọwọ́ bá sì mì, fọ́tò á ṣú bàìbàì. Ẹ fara ti férémù ìlẹ̀kùn, tàbí kí ẹ gbé kámẹ́rà lé orí àga. Iná ara kámẹ́rà kì í lọ jìnnà. Iwájú á mọ́, ẹ̀yìn yàrá á ṣókùnkùn. Ẹ má sì tan án sí dígí tàbí ògiri tí ó ń dán, nítorí yóò ta padà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ra fún ojú kámẹ́rà tí ń mú ibi tí ó fẹ̀ jù. Àwọn tí ń ta ilé mọ ọgbọ́n yìí: yàrá híhá á dàbí gbọ̀ngàn ńlá. Ẹ lo ojú kámẹ́rà ti gbogbo ìgbà, kí ẹ sì fi tépù wọn yàrá. Bí kò bá sí tépù, ẹ ka táìlì. Táìlì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà, bí ó bá tò ní mẹ́fà, mítà 3.6 ni, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Kódà bí fọ́tò bá fẹ́ tan wá jẹ, iye táìlì kò ní yí padà.

Ẹ̀karùn-ún, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya yàrá lódindi, ẹ sún mọ́ àwọn nǹkan tí owó ń lọ sí: àjà, ilẹ̀, ìlẹ̀kùn, fèrèsé, ojú wáyà àti mítà iná, ilé ìdáná, bálùwẹ̀. Ẹ ya àbùkù pẹ̀lú. Ibi tí ògiri ti sán, ẹ gbé biro tàbí rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ti fẹ̀ tó. Ibi tí àjà ní àbàwọ́n bí omi tíì, òjò ń wọlé níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó bá fi kọ́tìnnì bo ògiri tí ó sán, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Ẹ̀kẹfà, ẹ tò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì ya àwòrán ilẹ̀ ilé náà sórí ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́yìn ọdún méjì kò ní sí ẹni tí yóò mọ yàrá wo ni ó jẹ́ èwo.

ÌGBÀ MẸ́TA NI A Ń YÀ Á

Ìgbà àkọ́kọ́ ni kí ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, kí a mọ bí ilé ṣe wà. Ìgbà kejì ni àárín iṣẹ́. Ohun tí ó dára jù ni kí ẹgbẹ́ pín owó náà sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ọmọ ìgbìmọ̀ méjì sì lọ wo iṣẹ́ kí wọ́n sì ya fọ́tò kí a tó san ìpín tí ó kàn. Ìgbà kẹta ni ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí a bá tẹ́ fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ìpàdé, gbogbo ènìyàn ni yóò rí ibi tí owó gbà. Kì í ṣe pé a fi ẹni tí ó yá owó ṣe olè. Òun gan-an ni fọ́tò náà kọ́kọ́ gbèjà, lẹ́yìn náà àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

ÀYÈ ÀTI ỌLÁ ILÉ

Ilé ènìyàn kì í ṣe ọjà. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 37, dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè àti ti ilé rẹ̀. Ṣáájú òfin ìjọba ni ẹ̀sìn ti sọ ọ́: nínú Al-Kùránì, Sùúrà An-Núúr, ẹsẹ̀ 27, a pàṣẹ pé kí a má wọ ilé ẹlòmíràn láìjẹ́ pé a tọrọ àyè kí a sì sálámà. Ìlọrin ni a wà, a mọ èyí. Síbẹ̀ a ti rí ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó ti gbé fóònù sókè kí ó tó wọ ìlẹ̀kùn kejì.

Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ ṣáájú. Kí ẹni tí ó ni ilé buwọ́ lu ìwé pé òun gbà, kí ìwé náà sì sọ ohun tí a óo fi fọ́tò náà ṣe. Bí ó bá jẹ́ inú agbo ilé ni, ẹ kọ́kọ́ kí Mágàjí. Àwọn ìyàwó ilé gbọ́dọ̀ gbọ́ ṣáájú, kí wọ́n lè palẹ̀ mọ́. Níbi tí ẹlẹ́hàá bá wà, tàbí ní yàrá àwọn obìnrin, kí ọmọ ẹgbẹ́ obìnrin mú kámẹ́rà wọlé, kí àwọn ọkùnrin dúró sí ìta. Ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ kọ́ obìnrin méjì ó kéré tán ní iṣẹ́ yìí.

Ẹ má ṣe ya ènìyàn mọ́ ọn, pàápàá ọmọdé. Ẹ má ṣe ya ibùsùn tí a kò tẹ́, àpótí tí a ṣí, oògùn, ìwé báǹkì tàbí ibi tí a ń kó owó sí. Bí ayálégbé bá wà nínú yàrá kan, àyè tirẹ̀ náà ni a óo tọrọ. Onílé kò lè gbà fún un. Ẹ má sì fi fọ́tò inú ilé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Fọ́tò tí ó fi ìlẹ̀kùn, fèrèsé àti tẹlifíṣọ̀n hàn, àwòrán ọ̀nà ni fún olè. Láti 2023 ni Nàìjíríà sì ti ní òfin tí ó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀.

BÍ A ÓO ṢE TỌ́JÚ RẸ̀

Fọ́tò tí kò ní ọjọ́ kò yàtọ̀ sí ìwé tí kò ní ìbuwọ́lù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún sí ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ ẹni tí ó ni ilé, àdírẹ́sì, nọ́ńbà yàrá, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tí ó yà á. Kí ẹni tí ó ni ilé àti ọmọ ìgbìmọ̀ kan buwọ́ lù ú. Kí akọ̀wé kọ iye fọ́tò náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹ fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì, kí ẹ fún ẹni tí ó ni ilé ní ẹ̀dà kan, kí ẹ má sì kó méjèèjì sí abẹ́ òrùlé kan náà. Bí fìlímù ni a fi yà á, ẹ tọ́jú nẹ́gátíífù.

Ẹ má ṣe pa fọ́tò tí ó wà nínú fóònù rẹ́. Fóònù máa ń kọ ọjọ́ àti aago sínú fọ́tò fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ti máa ń ṣe, àkọsílẹ̀ yẹn kì í bá a lọ, àwòrán náà á sì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí a fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí a tó gbà á. Nítorí náà, ẹ kọ irú fóònù tí ẹ lò àti orúkọ ẹni tí ó lò ó sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

IBI TÍ AGBÁRA RẸ̀ MỌ

Fọ́tò kì í rọ́pò ìwé ilẹ̀. Ó lè fi àjà hàn, kò lè fi ẹni tí ó ni àjà hàn. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ṣì wà: ilẹ̀ tí Gómìnà fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi ṣe ìdúró láìgba àṣẹ Gómìnà. Ilé ẹbí kò sì ṣe é fi dúró fún owó láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún fọ́tò ni a yà níbẹ̀. Fọ́tò kò lè fi ìpìlẹ̀ tí kò nípọn hàn, kò lè fi òórùn igi tí ikán ti jẹ hàn. Ẹ lọ, ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ tó yà á.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí gbogbo ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé gbogbogbòò tí ó ń bọ̀, kí wọ́n ṣe é ní ìpinnu, kí wọ́n sì yan àwọn tí yóò máa ṣe é, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ sì ṣí àwọn fáìlì àtijọ́ tí owó wọn kò tíì wọlé tán. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò géètì nìkan ni ẹ bá níbẹ̀, ẹ rántí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn, kí ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ilé náà lọ́sẹ̀ yìí.